Ilẹ̀ Tí Màmá Mi Rù Gun Òkè

Òórùn eérú tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni ó máa ń jí mi ní ilé wa ní Dassa nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í ṣe òórùn èéfín, kì í sì í ṣe ti oúnjẹ. Kí àkùkọ tó kọ, màmá mi á ti kó eérú àná kúrò nínú ààrò, á fọ́n ọn sórí ebè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á wá fi igbá kan tó lu ihò sí nídìí wọ́n omi lé e lórí. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ó tutù, ó korò díẹ̀, ó sì ní adùn kan nínú tí mi ò tíì rí orúkọ fún títí di òní. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, omi ilé ti tán, èmi ni n ó sì lọ pọn òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Dassa mọ bí òkúta ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó. Ilé wa wà ní ìdagẹ̀rẹ́ òkè kan, lókè ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Bí ẹ bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, ńṣe ni ọkọ́ máa ń ké. Bàbá mi ní oko níhà Akofodjoulè, iṣu àti ẹ̀pà ni ó ń gbìn, òun àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á sì sùn sí oko fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí a tó rí wọn. Nílé, èmi àti màmá nìkan la sábà máa ń wà. Màmá mi fẹ́ràn ẹ̀fọ́ tútù, kò fẹ́ràn kí ó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbà fún òkúta.

Ohun tó ṣe ni pé ó yí àwọn òkúta kéékèèké jọ, ó tò wọ́n ní òbìrí-òbìrí títí wọ́n fi ga dé orúnkún, ó wá ń kó ilẹ̀ kún inú wọn. Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ dúdú láti àkùrọ̀ ìsàlẹ̀ òkè, tí ó ń rù lórí bọ̀ ní apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tó bá ti ọjà bọ̀. Ó da ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó da èèpo iṣu, ewé tó ti rà, èédú tó rún, gbogbo ohun tí ilé ń gbá dànù. Kí wọ́n tó bí mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi tó ọmọ ilé-ìwé, ebè olókùúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún tòmátì àti ata, ọ̀kan fún tẹ̀tẹ̀ àti ilá, ẹ̀kẹta á máa sinmi lábẹ́ koríko gbígbẹ. Igi ìbẹ́pẹ kan dúró níbi tí ebè méjì ti fara kanra, ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì wà ní ẹ̀bá òkúta yí ká, kí ewúrẹ́ má baà ráàyè fẹnu kàn án.

"Òkúta la bá níbí," màmá mi a máa wí. "Ilẹ̀, orí mi yìí ló gbé e wá." Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá a ká ẹ̀fọ́, kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún lọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sórí òkúta ebè, kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sórí ilẹ̀ náà, kí ó gbọn ọ́n, kí ó fi ọwọ́ nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn fi bọ́ padà sínú ebè. Àlejò a máa rẹ́rìn-ín. Òun kì í rín in. Èmi náà ń gbọn ẹsẹ̀ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rìn, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe.

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ń gbìn ni ẹ̀fọ́ gbọ̀mà kan báyìí. Gbọ̀mà pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní irúgbìn rẹ̀ ní Aklampa nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àwo, ó ní iṣan aláwọ̀ àlùkò láàárín, kì í sì í korò bí ti ọjà. Ìyá ìyá mi ti kú kí n tó mọ ènìyàn, nítorí náà ewé yìí nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Inú àdó kékeré kan ni màmá ń tọ́jú irúgbìn náà sí, pẹ̀lú eérú, lókè ààrò. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, eku ti jẹ ìdí àdó náà, ìwọ̀nba ohun tí ènìyàn lè fi ìka méjì mú ló ṣẹ́kù.

Ìyá Àlímátù ni ọ̀rẹ́ màmá mi. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìsàlẹ̀ òkè wa níbi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀, ọṣẹ, súgà àti epo láǹtánà. Ọmọ rẹ̀ Àlímátù jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kíláàsì kan náà la wà. Ìyá rẹ̀ rí ebè màmá mi, ó wù ú, màmá mi sì bá a to òkúta sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da ìgbẹ́ àgùntàn mọ́ ilẹ̀. Ìyá Àlímátù ti tọrọ irúgbìn gbọ̀mà náà lẹ́ẹ̀mejì. Màmá mi ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ní sùúrù. Jẹ́ kí èyí tó kù so ná. Ọdún tó ń bọ̀, o ó rí i gbà." Ìyẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú gbogbo wa nígbà yẹn.

Ìgbà Ehuzu ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣe ìjọba ìyípadà ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé: àsíá aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa ní igun, orin tí a ń kọ lórí ìlà kí a tó wọlé, ìkúùkù tí a ń nà sókè títí apá á fi máa ro wá. Gbogbo ènìyàn di kàmáráàdì. Kàmáráàdì olùkọ́, kàmáráàdì délégè tó jẹ́ aṣojú ìjọba, kódà ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé di kàmáráàdì alákàrà, àwa ọmọdé sì ń fi pè é kí ó lè fi ènì kún tiwa. Wọ́n ní ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní láti ní ọgbà, kíláàsì tí ọgbà rẹ̀ bá sì dára jù ni àwọn àlejò láti ìlú ńlá yóò kí ní òpin ọdún.

Mẹ́tìrì wa, bí a ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan tí wọ́n gbé wá láti ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wa to bíríkì yí ebè mẹ́rin ká, nítorí òkúta ni ilẹ̀ ilé-ìwé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dúró níwájú wa, ó fi Faransé sọ ọ́: "Ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàsíà ilẹ̀ dúdú kan, kí ẹ tó wọlé ní aago mẹ́ta. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá dára jù ni yóò jẹ́ ọ̀gá ebè." Ọ̀gá ebè ni yóò máa gbé agolo ìbomirin tuntun tí wọ́n rà, òun ni yóò sì sọ̀rọ̀ ìkíni níwájú àwọn àlejò. Mo wo agolo náà níbi tó wà lórí tábìlì. Ó ń dán. Ó wù mí dé ibi tí mi ò lè sọ.

Ní aago méjìlá tí a jáde, àwọn yòókù gba ọ̀nà àkùrọ̀ lọ nínú oòrùn. Èmi gba ọ̀nà ilé. Màmá mi ti lọ sí ọjà Glazoué láti àárọ̀. Mo dúró níwájú ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì ní ẹ̀fọ́ lórí, ẹ̀kẹta sì wà lábẹ́ koríko gbígbẹ rẹ̀ bó ṣe wà láti ìgbà ọyẹ́. Mo ní, èyí kò ní nǹkan kan lórí, ó kàn ń sinmi ni. Mo ká koríko náà, mo bu ilẹ̀ òkè rẹ̀, ilẹ̀ tó dúdú tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, mo rù ú lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo rí ojú mẹ́tìrì nígbà tó fọwọ́ kàn án, mo sáré padà lọ bu òmíràn. Mo bu ẹ̀kẹta. Mo dá koríko padà sórí ebè, mo jókòó sórí òkúta, mo gbọn ẹsẹ̀ mi, mo nu àtẹ́lẹsẹ̀ mi dáadáa. Ìyẹn ni mo máa ń rántí jù, pé mo gbọn ẹsẹ̀ mi.

Aago mẹ́ta lù, mo di ọ̀gá ebè.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn tí mo ti lọ sí ilé-ìwé, tí òun náà sì fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ sórí, màmá mi ti ká koríko yẹn, ó ti fọ́n gbogbo irúgbìn gbọ̀mà tó kù sínú ebè náà, ó sì ti fi koríko bò ó padà kí oòrùn má baà pa á.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó ti Glazoué dé. Ọjọ́ kejì ló rí i. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ibi omi. Nígbà tí mo dé, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ebè náà, ó fi ìka tọ́ka sí àmì tí ilẹ̀ ń dé tẹ́lẹ̀ lára òkúta àti ibi tó wà báyìí. Ó lé ní ìbú ọwọ́ kan. "Rósà, ta ló wá síbí lánàá?" Orúkọ mi ni Rósàlì, Rósà ni ó ń pè mí. Mo ní mi ò mọ̀. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìgbà kan tí mo ti purọ́ fún un rí, kí ló fẹ́ máa wò?

Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní irúgbìn ìyá òun ló wà nínú ilẹ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá, kò ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn mọ́: "Kò burú. Ibi yòówù tó bá gbé ilẹ̀ mi lọ, gbọ̀mà yẹn á hù níbẹ̀. N ó rí i, n ó sì mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ebè kíláàsì wa. Sàláàdì àti kàrọ́ọ̀tì ni mẹ́tìrì gbìn sí i, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò jẹ rí. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá, sàláàdì yọ orí. Láàárín rẹ̀ ni mo ti rí wọn, ewé kéékèèké méjì-méjì tó ní iṣan àlùkò, ó tó ogún. Mo mọ̀ wọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ọmọ ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Mo lè rọra wú wọn, kí n kó wọn sínú ewé tútù, kí n gbé wọn lọ fún màmá mi. Ó ṣì lè dá gbogbo rẹ̀ padà sílẹ̀ rẹ̀. Ẹgba ni n bá jẹ, ó sì parí. Mo rò ó, mo tún un rò. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n tu, mo ń sọ wọ́n sórí òkúta nínú oòrùn.

Àlímátù ló débẹ̀ bá mi. Ó ní, "Rósà, kí ló dé tí o ń fa gbọ̀mà tu?"

"Koríko ni," mo dá a lóhùn. "Mẹ́tìrì ò fẹ́ ẹ nínú sàláàdì rẹ̀."

"Ó mà ṣe o. Gbọ̀mà tó dára báyìí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa mẹ́ta tí kò tíì rọ, ó fi ewé ìbẹ́pẹ wé e, ó fi omi tó kù nínú agolo mi rin ín. Mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ pé kí ó jù ú nù. Mo wò ó bí ó ti ń gbé e lọ.

Òjò wá rọ̀ dáadáa ní ọdún náà. Ó tó oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà tí iyọ̀ tán nílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí èmi àti màmá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Àlímátù wà ní ẹ̀yìn, ó ké sí wa pé kí a máa bọ̀ níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí màmá mi wá wo bí ebè òun ti ṣe tutù yọ̀yọ̀. A yí igun ilé. Gbọ̀mà mẹ́ta náà dúró sáàárín ebè, ewé wọn fẹ̀ tó àwo.

Màmá mi súnmọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ ipa iṣan àlùkò náà títí dé ṣóńṣó ewé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Àlímátù, níbo lo ti rí èyí?"

"Àlímátù ló gbìn ín. Ó ní ilé-ìwé ni òun ti mú un wá. Ṣé ó jọ tìrẹ ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"Kò jọ temi. Temi ni."

Ẹ̀rín Ìyá Àlímátù dúró sí ẹnu rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀. Àlímátù jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó sì fi ohùn tó tutù sọ ọ́ bó ṣe rí: "Inú ebè kíláàsì wa ló hù sí, màmá. Wọ́n ń fà á tu, mo wá ṣa mẹ́ta níbẹ̀. Rósà wà níbẹ̀, Rósà mọ̀."

Màmá mi yíjú sí mi. "Rósà, ṣé òótọ́ ni? Ṣé gbọ̀mà hù nínú ebè yín?"

Gbogbo ohun tí mo jẹ́ láti ìgbà yẹn wá, ìdáhùn yẹn wà nínú rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Rárá, màmá. Sàláàdì àti kàrọ́ọ̀tì nìkan la gbìn."

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn kejì, ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ. Mo gbé ojú sókè, mo rí i tí Àlímátù ń wò mí. Kò bínú. Ó kàn ń dúró dè mí, bí ìgbà tí ènìyàn bá rò pé ẹnìkejì òun kò gbọ́ ìbéèrè dáadáa tí yóò sì tún un dáhùn. Mi ò tún un dáhùn. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà, ó dì í mú ní apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án níwájú wa. "Ìwọ ni o lọ bu ilẹ̀ onílẹ̀? Ìwọ ni o fẹ́ sọ mí di olè lójú ọ̀rẹ́ mi?" Àlímátù ń ké pé ilé-ìwé ni, ilé-ìwé ni. Ẹgba mi ló ń jẹ, mo sì dúró tì í pẹ̀lú ike iyọ̀ lọ́wọ́.

Màmá mi ò gbà pé ọmọdé lè dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe. Ó ní kí Ìyá Àlímátù yé na ọmọ aláìṣẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bu ilẹ̀ náà, nítorí ó tọrọ irúgbìn lẹ́ẹ̀mejì, màmá mi kò sì fún un. Ìyá Àlímátù fi ààwẹ̀ tó gbà búra. Ó ní, "Mi ò bu ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìyá Rósà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, ṣé o mọ̀ mí ní olè?" Ó ní kí màmá mi jọ̀wọ́, kí ó wú gbọ̀mà rẹ̀, kí ó máa gbé e lọ. Màmá mi ní òun kò ní fọwọ́ kan ohun tí olè ti fọwọ́ kàn. "Máa jẹ ẹ́," ó ní. "Máa jẹ ẹ́ lọ." A gun òkè padà láìra iyọ̀. Màmá mi sunkún títí a fi délé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sunkún.

Ìsinmi gígùn ò tíì dé tí gbogbo ọjà fi gbọ́. Olè ilẹ̀ ni wọ́n ń pe Ìyá Àlímátù. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fi rẹ́rìn-ín, nítorí ta ló ń jí ilẹ̀? Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé orí òkè mọ iye apẹ̀rẹ̀ tó ń kún ebè kan. Àwọn obìnrin òkè wa dẹ́kun ríra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò wá sí ilé-ìwé, mo wọ aṣọ kakí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mo di agolo dídán mú, mo na ìkúùkù, mo sọ̀rọ̀ ìkíni láìtàsé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àlímátù wà ní ìlà ẹ̀yìn, òun náà pàtẹ́wọ́ nítorí pé mẹ́tìrì ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nínú ìsinmi náà ni wọ́n kó ẹrù wọn sínú rélùwéè, wọ́n lọ bá àwọn ẹbí wọn ní Savè. Nígbà tí a wọlé padà, àga rẹ̀ ṣófo. Nínú ìṣirò, òun ló máa ń gba ipò kìíní, èmi a máa gba ìkejì. Ní ọdún yẹn, mo gba ipò kìíní. Màmá mi pa adìyẹ fún mi.

Mo kàwé, mo di nọ́ọ̀sì, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì ní Kútọnu. Yanrìn ni ilẹ̀ ọ̀hún, omi sì ń yọ nígbà òjò, nítorí náà mo fi bíríkì mọ ebè gíga mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló da ilẹ̀ dúdú tó kún wọn sílẹ̀ fún mi ní wákàtí kan. Nígbà tí bàbá mi kú, mo mú màmá mi wá sọ́dọ̀. Ó ti darúgbó gan-an. Ó ń jókòó sẹ́bàá ebè náà ní àràárọ̀, ó ń bá mi fa koríko, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi gbọn ẹsẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi, lẹ́yìn náà ó gbàgbé pé bàbá mi ti kú. Ohun kan tí kò gbàgbé ni ilẹ̀ rẹ̀. "Obìnrin yẹn jí ilẹ̀ mi," a sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì jí ilẹ̀ mi."

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Savè. Àwọn ènìyàn júwe Àlímátù fún mi, kò pẹ́ kí n tó rí i. Ó ti di ìyá àgbà, ó ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ bí ìyá rẹ̀. Ó gbé ìjókòó fún mi, ó bu omi fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bàsíà kìíní. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ìgbà yẹn, Rósà. Ojú rẹ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà." Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi. "Màmá mi ò gbà mí gbọ́ rí. Títí ó fi kú, bí nǹkan bá sọnù nílé, èmi ló kọ́kọ́ máa ń wò."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó fà mí dìde. Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó wọ inú ilé, ó mú aṣọ kékeré kan tó so ní kókó jáde. Irúgbìn gbọ̀mà ni. Ìyá rẹ̀ ti gbé e láti Dassa, ó sì ń gbìn ín lọ́dọọdún. "Ó ní kò yẹ kí ó parun," Àlímátù sọ fún mi. "Mú un fún màmá. Tiwọn ni."

Mo gbìn ín. Nígbà tí ewé rẹ̀ fẹ̀, màmá mi jókòó tì í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ iṣan àlùkò náà. "Gbọ̀mà ìyá mi nìyí," ó ní. "Ta ló bá mi tọ́jú rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo sọ fún un pé Ìyá Àlímátù ni, pé kò jí nǹkan kan, pé èmi ni mo bu ilẹ̀, èmi ni mo fa irúgbìn tu, èmi ni mo sọ pé rárá. Ó gbọ́ mi yé. Mo rí i ní ojú rẹ̀ pé ó yé e. Ó di orí mi mú, ó sunkún, ó ní, "Háà, Rósà. Ọ̀rẹ́ mi. Kí ni mo ṣe fún ọ̀rẹ́ mi?" Ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní ó ti kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, ó wo àwo náà, ó sì wí fún mi pé, "Ṣé o rántí obìnrin tó jí ilẹ̀ mi?"

Láti ìgbà náà, mò ń sọ ọ́ fún un ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá bi mí ta ló tọ́jú gbọ̀mà ìyá rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, àwọn ọmọ mi sì ti ní kí n yé fìyà jẹ ìyá àgbà. Kì í tó ọ̀sán tó fi ń parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan sọ rárá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ilẹ̀ ló ń wò tó fi sọ ọ́, màmá mi sì di ọ̀rọ̀ náà mú láti ìgbà yẹn. Èmi àgbàlagbà ń wò ó lójú, mò ń sọ òtítọ́ fún un lójoojúmọ́, kò sì lè dì í mú. Ẹgba tí mo sá fún nígbà yẹn, bí ó bá lè nà mí báyìí kí ó sì rántí ìdí rẹ̀ lọ́la, n ó mú pàṣán wá fún un.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti da eérú sórí ebè, mo ti wọ́n omi lé e, mo sì ń gbọ́ ìró ọ̀pá ìtilẹ̀ màmá mi tó ń bọ̀.